Àkùrọ̀ tí Ìyá Àgbà Yọ̀ǹda fún Omi

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Alábàtà,
Abẹ́òkúta.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún di ọ̀rẹ́ mi,

Ìwọ àti Gàníyù ọkọ rẹ, ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú ilé tuntun. Mo mọ̀ pé ẹrù yín ṣì wà nínú páálí, pé ẹ kò tíì mọ ẹni tó ń ta epo tó dára ní àdúgbò yín, pé èdè Ìlọrin sì ń dún létí rẹ bí ẹni tó ń kọrin. Ara gbogbo wa le níbí. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá iyàrá tí ẹ gbà kì í jò, nítorí pé òun kò gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́ àyàfi tí òjò bá rọ̀.

Àdúrà mi lórí yín ni pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i, kí ó jẹ́ kí ẹ bá ara yín kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà nìkan kọ́ ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. O bi mí ní ìbéèrè kan ní gáréèjì Láfẹ́ńwá, n kò sì dá ọ lóhùn dáadáa. Mọ́tò ti ń kún. O fà mí sẹ́yìn ọkọ̀, o rọra ní, “Màámi, ìyá Gàníyù tí a jọ fẹ́ máa gbé kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Báwo ni ẹ̀yin àti Ìyá Àgbà ṣe gbé pọ̀ títí, tí mi ò gbọ́ ìjà yín rí?” Dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè, mo sì sọ pé sùúrù ni. O wọ ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti ń sọ pé mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sin ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Sùúrù kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí.

O kò lè mọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Kẹ́mta ni o wà fún ilé ẹ̀kọ́. Àsìkò ọlidé nìkan ni o ń wá sí Ìdí-Ọsàn. Ìgbà tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ nínú dáàmù wa, ó ti dà bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wa la fi mọ ọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká kí ó tó gba ilé wa là.

Ọmọ aláró ni mí, o mọ èyí. Àárín ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi wá síbí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Bàtà gíga ni mo wọ̀ wọ abúlé, gìgísẹ̀ ọ̀kan sì há sínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo àna mi. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ló bẹ̀rẹ̀ tó fà á yọ. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bá mi wí. Wọ́n fi ewé nu bàtà náà, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní, “Ìyàwó, káàbọ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn, ó pẹ́ kí n tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn kan lẹ́nu wọn.

Èmi náà rò bí o ṣe ń rò yìí. Mo lọ sunkún bá ìyá mi ní Kẹ́mta. Ìyá mi ń da omi eérú sí ìkòkò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, “Ṣé ó nà ọ́? Ṣé ó fi oúnjẹ dù ọ́?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ó dáa, bá mi di etí ìkòkò yìí mú, kí o tó máa lọ sílé ọkọ rẹ.”

Kò pẹ́ tí mo padà dé ni mo rí i pé ẹnì kan ti gbin ẹ̀lú sí ẹ̀gbẹ́ àkùrọ̀ Ìyá Àgbà. Ewé ẹ̀lú la fi ń ṣe aró, kò sì sí ẹni tó ń pa aró ní Ìdí-Ọsàn kí n tó dé. Kò sí ẹni tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbìn ín àfi èmi. Wọn kò sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ewé náà tó já, wọ́n gbé agbọ̀n kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí o máa wo ọwọ́ ènìyàn kí o tó wo ẹnu rẹ̀. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ wọn. Wo ohun tí ìyá ọkọ rẹ ń gbé kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ.

Ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Kẹ́mta ni omíyalé ńlá nì dé. Láti ọjọ́ tí mo ti dé abúlé yìí ni odò Alápò ti ń yọ wá lẹ́nu lọ́dọọdún. O mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, abúlé wà ní ìsàlẹ̀, òkè méjì wà lókè rẹ̀, odò gba àárín wọn wá. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, ìsàlẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn yàtọ̀. Ọjọ́ ọjà ni, oòrùn tilẹ̀ ń ràn lọ́dọ̀ wa. Mo wà létí odò, mo ti kó aṣọ jáde nínú aró, mo sá wọn sórí okùn. A ṣàdédé gbọ́ ìró bí ẹni pé ọkọ̀ agégẹdú ń bọ̀ láti inú igbó. Ìyá Ṣìfáwù tó ń pọn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fà mí lápá, a sá gun òkè. Ìgbà tí a bojú wẹ̀yìn, omi ti gbá gbogbo ìkòkò aró mi. Odò Alápò dúdú bí aró fún ìgbà díẹ̀, ó tún pọ́n padà. Aṣọ mi ń léfòó lọ bí ẹni pé àwọn kan ń wẹ̀ nínú wọn.

Àlàbá, àbúrò bàbá rẹ, ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ lórí afárá igi nígbà náà. Afárá náà yí lọ pẹ̀lú rẹ̀. Omi gbé e lu ọ̀pẹ kan, igi afárá sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ náà. Ó dì mọ́ ọ̀pẹ yẹn títí omi fi fà. O ti bi í rí pé kí ló dé tó fi ń tiro, ó sì sọ fún ọ pé ọ̀pẹ ló ta òun nípàá. O rò pé ó ń fi ọ́ ṣeré ni. Òótọ́ ló sọ.

Ògiri ilé wó. Gbàgede Ìyá Àgbà wó. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Gbogbo wa kó ara wa sínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè, mùsùlùmí, onígbàgbọ́, àti ewúrẹ́. Ìyá Àgbà jókòó ti Àlàbá, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan wọn.

Lẹ́yìn èyí ni Baálẹ̀ àti àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ, títí ìjọba fi rán injiníà kan wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Bánkọ́lé. Ó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ká gbogbo igbó, ó ń fi ojú kan wo inú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé a óò mọ ògiri amọ̀ ńlá dí ibi tí òkè méjèèjì ti sún mọ́ra. Bí àgbàrá bá dé, yóò dúró lẹ́yìn ògiri, yóò máa gba inú páìpù jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní lè já lu abúlé mọ́. Ó ní dáàmù kékeré ni wọ́n ń pè é. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi béèrè ibi tí omi náà yóò dúró sí. Injiníà na ọwọ́. Orí àkùrọ̀ Ìyá Àgbà ni ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ sí.

O kò lè rántí àkùrọ̀ yẹn, ó sì dùn mí. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí gbogbo oko pọ́n bí iná, ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá, kókò, ata, gbogbo wọn tò sórí ebè, omi tóóró sì ń gba àárín wọn kọjá. Bí mo bá ti jí, tí mo bá ti kírun tán, mo máa ń lọ bá Ìyá Àgbà níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin, àwọn ni mo máa ń rántí.

Wọ́n pe bàbá rẹ sí ìpàdé lọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ó dé ní alásàrí, ó bá Ìyá Àgbà tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, abúlé ti fẹnu kò. Àkùrọ̀ ni omi máa gbà.”

“Abúlé wo?”

“Baálẹ̀ àti àwọn àgbà.”

“Ṣé mo wà níbẹ̀?”

Bàbá rẹ mú ẹ̀gúsí kan, ó ń bá wọn bó o.

Wọ́n ní, “Sọ fún wọn pé mi ò gbọ́.” Wọ́n sì ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Wàhálà dé nìyẹn. Injiníà ní òjò kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, pé bí ẹ̀rùn bá fi kọjá, iṣẹ́ ti di ọdún mìíràn. Àwọn kan ní kí wọ́n kàn jẹ́ kí katapílà wọlé, ta ni yóò dá a dúró? Létí odò, mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ pé Ìyá Àgbà fẹ́ràn ilá ju ẹsẹ̀ ọmọ wọn lọ. Mo fẹ́ fi korobá lù ú. Bàbá rẹ kò jẹun dáadáa mọ́. Bó bá jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò ó bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń fi apá dí wọn lọ́nà. Bó bá wọlé, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé òun óò fún katapílà láyè, pé bó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, ìyá òun á dárí jì òun. Mo ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò lè gba ojú tí wọ́n fi ń wò yín padà.” Ó ní kí n lọ gbìyànjú. Baálẹ̀ náà ti ń wá ẹni tí yóò rán.

Mo lọ, ṣùgbọ́n n kò jíṣẹ́. Mo mú ọkọ́ kékeré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá Àgbà roko. A ṣe bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, mo tún padà lọ ní ọjọ́ kejì, mo tún lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Lọ́jọ́ kan, a jókòó sábẹ́ igi láti jẹ láfún tí mo dì wá, Ìyá Àgbà wá bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé wọ́n rán ọ sí mi ni?”

Mo ní, “Wọ́n rán mi, Ìyá.”

“Kí ló dé tí o kò jíṣẹ́?”

“Ẹ ò tíì bi mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n wá sọ̀rọ̀.

“Nígbà tí bàbá ọkọ rẹ kú, àwọn àna mi pín oko kòkó láàárín ara wọn. Wọ́n ní kí n mú ẹrẹ̀ yìí, torí pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ó mù mí dé orúnkún. Èmi ni mo la ojú ibi tí omi ń gbà. Ibí ni mo ti wá oúnjẹ tí ọkọ rẹ àti Àlàbá fi dàgbà. Ìgbà tó jẹ́ ẹrẹ̀, èmi ni wọ́n fún. Ìgbà tó wá wúlò fún wọn, ọmọ mi ni wọ́n pè. Ìyàwó, ṣé wọ́n rò pé mi ò rí ẹsẹ̀ Àlàbá ni? Ta ló ń fi omi gbígbóná jó o láràárọ̀? Ká ní wọ́n bi mí ni, mi ò bá ti fún wọn.”

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, “Kí ni kí n wí fún wọn, Ìyá?”

“Má wí nǹkan kan. Sọ fún wọn pé mo wà nílé.”

Mo lọ bá Baálẹ̀ àti àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá ní àwọn wà nílé.” Ọ̀kan nínú wọn bínú, ó ní ṣé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè sí i. Àgbà ni Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wa, àwọn àgbà tẹ̀lé e. Mo gbé àpótí fún un, ó jókòó. Ó fi orúkọ bàbá rẹ pè wọ́n, ó ní, “Ìyá Rájí, a kò ṣe é bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ yín la wá tọrọ.”

Ìyá Àgbà jẹ́ kí ó dákẹ́ tán. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jẹ́ kí n kórè ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ bá mi hú ẹ̀lú ìyàwó mi síbòmíràn, torí pé kò níṣẹ́ mìíràn tó mọ̀. Etí omi tuntun náà, bó bá ti dúró, àwọn obìnrin ni kí ẹ pín in fún láti máa gbin ẹ̀fọ́ lọ́gbẹlẹ̀. Àwọn tí kò lóko ni kí ẹ kọ́kọ́ fún.”

“Kí ni ẹ̀yin fẹ́ fún ara yín?” Baálẹ̀ bi wọ́n.

“Mo ti sọ ọ́.”

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀, ọmọ mi, ni pé ohun tí ènìyàn ń jà lé lórí kọ́ ló máa ń dùn ún nígbà gbogbo. Ìlú rò pé ilẹ̀ ni. Ìyá Àgbà ń wá ẹni tí yóò bi àwọn. Bí ohun kan bá jẹ́ ti ìyá Gàníyù nínú ilé yẹn, ìbáà ṣe ìkòkò tàbí ibi tí wọ́n ń gbé àga wọn sí, má kàn gbé e kúrò, má sì rán ọkọ rẹ sí wọn. Lọ bi wọ́n fúnra rẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀rùn yẹn dùn, Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá ní kí n yan ìgbà kan tí n óò tún gbé, òun ni. Katapílà dé, ó ti ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bàjẹ́, wọ́n gbé e lọ, kò padà. Orí obìnrin àti apá ọkùnrin ló ṣe ìyókù. Àwa ń ru amọ̀ nínú agbọ̀n àti abọ́, àwọn ọkùnrin ń fi igi ńlá gún un mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá da amọ̀ sílẹ̀ á ní, “Ó dé o.” Àwọn tó ń gún un á dáhùn pé, “Ó jókòó.” Láti àárọ̀ títí, ó dé o, ó jókòó. Bàbá rẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, àyà rẹ̀ le bí ilẹ̀kùn. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da amọ̀ mi síwájú rẹ̀. Injiníà Bánkọ́lé kò fi wá sílẹ̀ nígbà tí katapílà lọ. Ó ń gun alùpùpù wá láti Ìbarà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ dán amọ̀ wò, ó ń bá wa jẹ láfún. Àlàbá kò lè ru ẹrù, ó jókòó sídìí ìkòkò ọbẹ̀, ó ń dá ẹjọ́ ẹran fún gbogbo ènìyàn. Ìyá Ṣìfáwù ló kó wa gbin koríko sára ògiri náà kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ lọ.

Òjò dé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí àkùrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bá Ìyá Àgbà lọ wò ó. Omi bo ebè ilá, ó bo ti kókò, ó ku orí igi kan tí a máa ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní, “Ó mọ ọ̀nà dé ibẹ̀,” wọ́n sì yí padà sílé. Ní ọdún yẹn, omi kò wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìdánwò dé. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, dáàmù kún dé ọrùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ ṣan aṣọ ní ìsàlẹ̀ ògiri, mo rí i pé omi kan ń rú jáde lára ògiri náà, kì í ṣe láti inú páìpù, ó sì pọ́n. Omi tó ń jẹ amọ̀ ni. Òwe ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òkété ló la ẹnu ògiri tiwa, ó gbẹ́ ihò láti ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré wọ abúlé.

Gbogbo ènìyàn jáde. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sórí òkè. Ó di dandan kí wọ́n rí ojú ihò náà ní ìhà ibi tí omi wà, kí wọ́n fi àpò amọ̀ dí i. Bàbá rẹ àti àwọn mélòó kan so okùn mọ́ ìdí, wọ́n wọ inú omi. Àlàbá ló di okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá gún ilẹ̀. Àwa ń di amọ̀ sínú àpò ìdọ̀họ, kò sì pẹ́ tí àpò fi tán. Ihò ń fẹ̀ sí i. Mo ń wo ibi tí orí bàbá rẹ ti rì, mo ń ka àdúrà tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀ dáadáa.

Nígbà náà ni Ìyá Àgbà yọ láti ọ̀nà ilé, àpò òfìfo ga lórí wọn. Ilé wọn ni wọ́n lọ, wọ́n da gbogbo àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ fún ọdún náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ iyàrá, wọ́n kó àpò rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin yòókù rí i, wọ́n sáré lọ sílé tiwọn. Gàrí, ẹ̀wà, ìyẹ̀fun láfún, gbogbo rẹ̀ di ohun àdàsílẹ̀. Àpò kò tán mọ́. Bàbá rẹ rì, ó yọ, ó rì, ó yọ. Ní ọ̀sán, omi tó ń jáde ní ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ó wá mọ́, ó wá dá. Wọ́n fa bàbá rẹ jáde, ètè rẹ̀ dúdú fún òtútù. Ìyá Àgbà tú gèlè wọn, wọ́n fi nu orí rẹ̀ bí ẹni tó ń nu orí ọmọ ọwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo rí àgbàdo náà. Òrùlé iyàrá wọn ti jò sí i, ó ti ń rùn. Mo ní, “Ìyá, àgbàdo yín.”

Wọ́n ní, “Bí mi ò bá nílé, ibo ni n óò ti jẹ ẹ́?”

Kò sí ilé tí kò bu oúnjẹ wá fún wọn ní ọdún yẹn. Láti ìgbà náà, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, gbogbo wa ni a ń jáde lọ ṣán koríko ògiri, tí a ń wá ihò, tí a ń dí i. Ọmọ mi, ihò òkété ni kí o máa bẹ̀rù nínú ìgbéyàwó, má bẹ̀rù àgbàrá. Gàníyù yóò ṣe ohun tí kò dùn mọ́ ọ nínú. Sọ ọ́ fún un nígbà tó ṣì kéré, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ní iyàrá yín. Má kó o jọ. Má sì gbé e lọ sí ilé aládùúgbò.

Èyí tó kù, ìwọ fúnra rẹ mọ̀ ọ́n. O mọ lékeléke tí ń bà sórí ògiri náà nírọ̀lẹ́, o mọ ẹja tí Àlàbá ń pa, o mọ àdìrẹ mi tí mo máa ń tẹ́ sórí koríko títí gbogbo ibẹ̀ á fi dà bí ojú ọ̀run. O mọ ẹ̀fọ́ àwọn obìnrin tó yí etí omi ká. Ìgbà náà ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá Ṣìfáwù ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé. Wọ́n ti gbé Injiníà lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ẹ̀yin ọmọ ti túká. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró sórí ògiri náà lẹ́yìn alásàrí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ “ó dé o, ó jókòó.”

Ẹ̀rùn tó gbẹ̀yìn ayé Ìyá Àgbà, wọ́n ní kí Àlàbá fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn. Mo bá wọn wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé àárín, wọ́n ní kí ó dá àjẹ̀ dúró. Wọ́n ń na ìka sí omi: “Ibí ni ilá. Ibí ni kókò. Níbẹ̀ yẹn ni omi ń gbà.” Mo bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, “Ó ń dùn mí, Ìyàwó. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.” N kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan náà. O óò mọ̀ ọ́n. O fi wá sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, yóò máa dùn ọ́ nígbà mìíràn, pàápàá nírọ̀lẹ́. Ìyẹn kò fi hàn pé o ṣì í yàn.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ mi sì ti ń ro mí. Má jẹ́ kí owó ọwọ́ rẹ gbẹ, máa ṣe iṣẹ́ tíṣà rẹ. Kírun lásìkò. Bí wọ́n bá ń sọ èdè tí kò yé ọ, má rò pé ìwọ ni wọ́n ń sọ. Bí ìyá Gàníyù bá jókòó tí wọ́n ń ṣa ìrẹsì, gba ìdajì rẹ̀, kí o jókòó tì wọ́n. Má wá ọ̀rọ̀ sọ. Jẹ́ kí ìdákẹ́ wọn mọ ọ́ lára. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìwọ ni yóò wà nítòsí.

Bàbá rẹ ti wọ fìlà, ó ń dúró dè mí kí ó lè gbé lẹ́tà yìí fún dẹ́rẹ́bà ní Láfẹ́ńwá. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò sunkún ní ọjọ́ tí ẹ lọ, pé eruku ló wọ òun lójú. Mo ti kọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ìwọlé àti ìjáde yín. Ilẹ̀kùn ilé yìí ṣí sílẹ̀ fún ọ nígbàkúùgbà, Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kí o wá kí wa ni mo fẹ́, kí ó sì máa yá ọ lára láti padà sílé rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sídíkátù.